Abà Ti Wà Nílẹ̀, Àṣẹ Ló Kù: Òfin Ìlò Ilẹ̀ àti Àgbẹ̀ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì Tó Fẹ́ Fi Òwò Mìíràn Kún Oko

Ọ̀pọ̀ oko ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ní abà kan tí kò níṣẹ́ mọ́. Ó lè jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fún wàrà màlúù kí wọ́n tó ta àwọn màlúù náà, ó sì lè jẹ́ ilé àlìkámà tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò gba katakata òde òní mọ́. Òrùlé rẹ̀ kò jò, òpó irin rẹ̀ dúró ṣinṣin, iná mànàmáná sì ti wà níbẹ̀. Owó ìrànwọ́ tí àgbẹ̀ máa ń gbà tẹ́lẹ̀ nítorí iye ilẹ̀ tó ń dá, èyí tó ti wà láti ìgbà tí Britain ṣì wà nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ń dín kù lọ́dọọdún, ọdún 2027 ni ìyókù rẹ̀ yóò sì tán. Abájọ tí ó ju ìdajì àwọn oko ibẹ̀ lọ tó ti ní ọ̀nà owó mìíràn lẹ́yìn iṣẹ́ àgbẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n fi ilé oko háyà fún oníṣẹ́ mìíràn.

Káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ tó ń fúnni láṣẹ ìlò ilẹ̀, ni ọ̀rọ̀ wọn máa ń dé. Àwọn àgbẹ̀ a máa sọ pé káńsù kò fẹ́ràn àgbẹ̀, mi ò sì bá wọn jiyàn pé àwọn òṣìṣẹ́ káńsù kan le koko. Àmọ́ tí a bá wo òfin náà fínnífínní, ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ fún àgbẹ̀ pọ̀ ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Ohun tó ń pa wọ́n lára ni pé ọ̀nà kan máa ń dí òmíràn, pé òfin kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu láìsí ìwé ẹ̀rí, àti pé owó ìwé ẹ̀rí yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ ná kí wọ́n tó mọ̀ bóyá àṣẹ á jáde. England nìkan ni mò ń sọ o. Wales àti Scotland ní òfin tiwọn.

Ìpìlẹ̀ rẹ̀ nìyí. Òfin Town and Country Planning Act ti 1990, ní abala 55, sọ pé ẹni tó ń lo ilẹ̀ àti ilé orí rẹ̀ fún iṣẹ́ àgbẹ̀ kò nílò àṣẹ ẹnikẹ́ni fún ìlò yẹn. Abala 336 wá to ohun tó ń jẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: ọ̀gbìn ewébẹ̀ àti èso, irúgbìn, wàrà, sísin ẹran, pápá ìjẹko. Ìgbà tí nǹkan bá kúrò nínú àkọsílẹ̀ yẹn ni ìbéèrè máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹṣin tó ń jẹ koríko ní pápá ṣì wà nínú iṣẹ́ àgbẹ̀. Ẹṣin tí wọ́n so mọ́lẹ̀ tí wọ́n ń bọ́ kí àwọn èèyàn lè máa wá gùn ún ní Sátidé ti bọ́ síta.

Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù oko náà bá bẹ́ẹ̀ lọ. Àgbẹ̀ tó ń ta ẹyin, ànàmọ́ àti ewébẹ̀ tirẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà oko kò tíì kúrò nídìí iṣẹ́ oko. Tó bá wá ń ra ọtí, bísíkítì àti ọsàn Spéìnì wá kún igbá, ó máa dé ibi tí káńsù á ti sọ pé ṣọ́ọ̀bù gidi lèyí. Òfin kò sọ pé ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ìdá báyìí nínú ọgọ́rùn-ún. Ojú ìwòye ni wọ́n fi ń dá a. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ̀rọ ìgbowó ṣọ́ọ̀bù máa pín ọjà sí mẹ́ta láti ọjọ́ kìíní: ti oko wa, ti oko aládùúgbò, àti èyí tí a rà láti ìta. Àkọsílẹ̀ oṣù méjìlá bẹ́ẹ̀ níye lórí ju ẹjọ́ tí lọ́yà lè rò lọ. Ẹni tí kò bá ní in ni káńsù ń bá ka ìgò tó wà lórí pẹpẹ.

Ní ti abà, ìwé òfin tó ṣe pàtàkì jù ni General Permitted Development Order ti 2015. Inú rẹ̀ ni àwọn àṣẹ tí ìjọba ti fún gbogbo èèyàn tẹ́lẹ̀ wà, tí káńsù kò lè fi ojú rere tàbí ojú burúkú wò. Méjì nínú wọn ló kan àgbẹ̀ jù, Class R àti Class Q, a sì fẹ àwọn méjèèjì lójú ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún 2024.

Class R ló jẹ́ kí a lè sọ abà di ibi òwò: ṣọ́ọ̀bù, ilé kọfí, ọ́fíìsì, jíìmù, ilé ìkẹ́rùsí, hòtẹ́ẹ̀lì, àti láti ọdún 2024, ibi tí wọ́n ti lè sọ irè oko yẹn gan-an di ọjà, yàtọ̀ sí ẹran. Tẹ́lẹ̀, mítà onígun mẹ́rin 500 ni gbogbo oko kan lè yí padà. Ó ti di 1,000 báyìí. Tí àpapọ̀ ohun tí ẹ ti yí padà kò bá ju 150 lọ, ẹ kàn máa kọ̀wé sí káńsù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ni: ọjọ́ tí ìlò tuntun máa bẹ̀rẹ̀, irú òwò tó jẹ́, àti àwòrán tó fi ilé náà hàn. Tó bá ju 150 lọ, ẹ gbọ́dọ̀ gba ìfọwọ́sí ṣáájú, káńsù sì ní ọjọ́ 56 láti dáhùn. Ohun mẹ́rin péré ni wọ́n lè yẹ̀ wò: ọ̀nà ọkọ̀, ariwo, májèlé inú ilẹ̀, àti omíyalé. Wọn ò lè sọ pé abúlé náà ti ní ilé kọfí tó tó. Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ náà “àpapọ̀”. Ẹni tó yí mítà 100 padà lọ́dún tó kọjá tó tún fẹ́ yí 80 padà lọ́dún yìí ti kọjá 150, bí abà méjèèjì tilẹ̀ jìnnà síra.

Ẹ̀rí tí wọ́n ń béèrè ni pé iṣẹ́ àgbẹ̀ nìkan ni wọ́n ń fi abà náà ṣe ní ọjọ́ 3 oṣù Keje 2012. Tó bá jẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí lò ó fún oko, ó gbọ́dọ̀ ti pé ọdún mẹ́wàá. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú, nítorí pé wọ́n ti fi igun abà kan gba ọkọ̀ ojú omi ọ̀rẹ́ wọn pamọ́, tàbí tí mọlẹ́bí kan ń tún mọ́tò ṣe níbẹ̀. Ìlò tó dàpọ̀ bẹ́ẹ̀ lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Fọ́tò àtijọ́, rìsíìtì oúnjẹ ẹran, ìwé ìrànwọ́ ìjọba ọdún wọ̀nyẹn àti àwòrán láti ojú òfuurufú tó ní ọdún lára ni kí ẹ kó jọ.

Ẹ jẹ́ ká mú abà kan tó tóbi tó mítà onígun mẹ́rin 300, òpó irin, páànù lókè, pákó tó ní àlàfo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́ta, kí ẹ̀gbẹ́ kẹrin ṣí sílẹ̀. Àgbẹ̀ náà gba ìfọwọ́sí Class R fún ilé kọfí. Inú rẹ̀ dùn, ó pe àwọn tó ń ṣe gíláàsì. Àṣìṣe ńlá nìyẹn, nítorí ìlò nìkan ni Class R yí padà. Kò fúnni láṣẹ iṣẹ́ kíkọ́ rárá. Ohun tó bá wà nínú ilé, bíi ògiri ilé ìgbọ̀nsẹ̀, káńtà àti ohun tó ń dá otútù dúró, kò nílò àṣẹ, torí pé òfin kò ka iṣẹ́ inú ilé sí ìkọ́lé. Àmọ́ gíláàsì tó máa dí ẹ̀gbẹ́ kẹrin, páìpù èéfín tó máa yọ lórí páànù, tánkì ìdọ̀tí tí wọ́n máa gbẹ́ ilẹ̀ sin, àti kọnkéré tí ọkọ̀ máa dúró lé, gbogbo ìwọ̀nyí nílò ìwé ẹ̀bẹ̀ mìíràn. Inú ìwé ẹ̀bẹ̀ kejì yẹn ni káńsù ti lè wo ẹwà ilẹ̀, igi, àti ohun gbogbo tí Class R kò jẹ́ kí wọ́n wò.

Ibi ìgbọ́kọ̀sí tún wá ni ọ̀fìn kejì. Òfin náà gba ilẹ̀ tó yí abà ká láàyè, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ọ̀hún kò gbọ́dọ̀ tóbi ju ìdí abà náà fúnra rẹ̀ lọ. Abà mítà 300 kò lè ní ju mítà 300 lóde. Àyè ọkọ̀ kan jẹ́ mítà 2.4 ní fífẹ̀ àti 4.8 ní gígùn, tí a bá fi ibi tí ọkọ̀ máa gbà yí po kún un, ó tó nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 20 sí 25 fún ọkọ̀ kan. Ọkọ̀ méjìlá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nìyẹn, ẹ kò tíì yọ àyè àwọn òṣìṣẹ́ àti lọ́rì tó ń kó búrẹ́dì wá. Táwọn oníbàárà bá wá ń gbé ọkọ̀ sórí koríko pápá, ìlò pápá ti yí padà láìgba àṣẹ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ìgbọ́kọ̀sí yìí wà lára ohun tó sọ oko Jeremy Clarkson, gbajúmọ̀ orí tẹlifíṣọ̀n nì, di ìròyìn káàkiri. Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù oko ní Chadlington ní 2020, èrò ya bo ibẹ̀, káńsù West Oxfordshire sì kọ̀wé ìdádúró sí i ní 2022 lórí ilé oúnjẹ tó ṣí sínú abà kan. Nígbà tí olùyẹ̀wò ìjọba dá ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn rẹ̀ ní 2023, ó gba ibi ìgbọ́kọ̀sí láàyè fún ìgbà díẹ̀, kò gba ilé oúnjẹ. Àwọn oníròyìn so orúkọ rẹ̀ mọ́ àtúnṣe òfin ọdún 2024. Mo gbà pé ariwo yẹn ran àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́, àmọ́ ó tún ti tàn wọ́n jẹ. Wọ́n gbọ́ pé òfin ti ṣí, wọn ò gbọ́ ti gíláàsì àti kọnkéré.

Class Q ni ti ẹni tó fẹ́ sọ abà di ilé gbígbé, yálà láti tà tàbí láti fi háyà. Láti 2024, ó lè tó ilé mẹ́wàá, mítà 1,000 lápapọ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má ju 150 lọ. Èyí ní iṣẹ́ kíkọ́ nínú: fèrèsé, ilẹ̀kùn, òrùlé, ògiri ìta, omi àti iná, níwọ̀n bó bá ṣe yẹ kí èèyàn lè gbé inú rẹ̀. Kò sì ṣeé lò ní àwọn ọgbà ìjọba bíi Peak District àti Yorkshire Dales, tàbí ní ilẹ̀ ẹlẹ́wà tí òfin dáàbò bò bíi Cotswolds. Class R ṣeé lò níbẹ̀, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ibẹ̀ kò sì mọ̀. Ilé ẹjọ́ gíga ti là á mọ́lẹ̀ ní 2016, nínú ẹjọ́ abà kan ní agbègbè káńsù Rushcliffe tí ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta rẹ̀ ṣí sílẹ̀, pé àtúnṣe abà yàtọ̀ sí kíkọ́ ilé tuntun. Tó bá jẹ́ pé òpó irin nìkan ló máa kù lára abà, Class Q kò gbà á. Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ ẹnjiníà pé òpó àti ìpìlẹ̀ lè gbé ẹrù náà kí ẹ tó náwó lórí àwòrán.

Ọ̀nà tó ń dí òmíràn tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀ hàn kedere níbí. Apá kẹfà ìwé òfin kan náà fún àgbẹ̀ tó ní hẹ́kítà márùn-ún sókè láàyè láti kọ́ abà tuntun fún iṣẹ́ oko, tó lè tó mítà 1,500 láti 2024, kìkì kó sọ fún káńsù kó sì dúró ọjọ́ 28. Tó bá ti kọ́ irú abà bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, Class Q ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbogbo oko náà. Tó bá sì lo Class Q, kò lè fi apá kẹfà kọ́ abà mìíràn fún ọdún mẹ́wàá. Òfin ò fẹ́ kí èèyàn sọ abà àtijọ́ di ilé kó sì kọ́ tuntun dípò rẹ̀ lọ́dún kejì. Ó ní ọgbọ́n nínú, mi ò bá wọn jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tó kọ́ ibi ìkóríko kékeré kan ní 2021 kò mọ̀ pé òun ti fi dí ọ̀nà ilé mẹ́wàá.

Bó bá jẹ́ pápá ni, ọ̀nà tirẹ̀ tún wà. Ẹ lè lo ilẹ̀ fún ohunkóhun tó jẹ́ ti ìgbà díẹ̀ fún ọjọ́ 28 láàárín ọdún kan, mẹ́rìnlá péré nínú rẹ̀ fún ọjà títà tàbí eré mọ́tò. Àwọn ọmọ wa ní Britain tó ń wá pápá háyà fún ìgbéyàwó tàbí ọjọ́ ìbí ọlọ́gọ́ta ọdún yẹ kí wọ́n mọ èyí. Ọjọ́ tí wọ́n ta kánápì àti ọjọ́ tí wọ́n tú u wà nínú ìṣirò. Ìnáwó Sátidé kan lè jẹ ọjọ́ mẹ́rin. Méje irú rẹ̀, ọdún ti tán. Ọtí títà àti orin alẹ́ ní ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀ lábẹ́ òfin Licensing Act ti 2003: Temporary Event Notice, tí kò gbọ́dọ̀ ju èèyàn 499 lọ lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n sì máa fi ránṣẹ́ ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá ṣáájú. Àṣẹ ìlò ilẹ̀ kò rọ́pò ti ọtí, ti ọtí kò rọ́pò ti ilẹ̀.

Fún àwọn àgọ́ ìsinmi, láti oṣù Keje 2023, oko lè gba àgọ́ 50 fún ọjọ́ 60 lọ́dún, tí ẹ bá ti sọ fún káńsù lọ́dọọdún, tí ẹ sì pèsè ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ibi ìdalẹ̀nù. Mọ́tò tí wọ́n ń sùn nínú rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Kárafáànù tí wọ́n ń fà kò sí. Ilé onígi oní-táyà tí wọ́n ń pè ní shepherd's hut wà lábẹ́ òfin kárafáànù, nítorí náà wọ́n lè sọ fún yín pé “kì í ṣe ilé, kò nílò àṣẹ.” Òótọ́ ni pé kì í ṣe ilé. Ìlò ilẹ̀ ló yí padà tí àlejò bá ń sùn níbẹ̀ ní gbogbo ọdún, ìyẹn sì nílò àṣẹ.

Ohun tó ń pa ìwé ẹ̀bẹ̀ jù lójú mi ni ojú ọ̀nà. Ní ẹnu ọ̀nà oko tó yọ sí títì tí ọkọ̀ ń sá 60 máìlì, ẹni tó dúró ní mítà 2.4 sí etí títì gbọ́dọ̀ rí mítà 215 lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Níbi tó bá jẹ́ 30 máìlì, mítà 43 ti tó. Ọgbà igi àti kọ́nà àwọn ọ̀nà ìgbèríko kì í sábà jẹ́ kí 215 yẹn ṣeé ṣe. Ẹ má tíì sọ̀rètí nù. Kí ẹ ní kí wọ́n wọn eré ọkọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan pẹ̀lú rọ́bà tí wọ́n ń tẹ́ sí ojú títì. Tó bá hàn pé ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ kì í sá ju 35 lọ níbẹ̀, ìwọ̀n tí wọ́n máa béèrè máa já wálẹ̀ gan-an. Kí ẹ tún ka ọkọ̀ tó ti ń gba ibẹ̀ nígbà tí abà ń ṣiṣẹ́ oko, lọ́rì wàrà, katakata, ọkọ̀ oúnjẹ ẹran, kí ẹ fi yọ nínú ti òwò tuntun. Tí igi tó dí ojú bá wà ní ilẹ̀ aládùúgbò, ẹ gba àdéhùn ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó kọ̀wé sí káńsù. Ìlérí ẹnu lórí odi kò wúlò.

Àdán náà ń bẹ. Abà òkúta tàbí pákó tó ní ihò lè jẹ́ ilé wọn, òfin sì dáàbò bò wọ́n. Oṣù Karùn-ún sí Kẹsàn-án ni wọ́n ń ṣọ́ àdán bó ṣe ń jáde ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá rántí wọn ní oṣù Kẹwàá yóò dúró di ọdún tó ń bọ̀.

Tí àlejò bá máa sùn ní oko, ọ̀rọ̀ omi dé. Fosfétì láti inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ń ba àwọn odò jẹ́, àjọ Natural England, tó ń gba ìjọba nímọ̀ràn lórí ohun àdáyébá, sì ti sọ fún káńsù 74 pé kí wọ́n má fọwọ́ sí ibùsùn tuntun tí kò bá sí ẹ̀rí pé kò ní fi kún ìdọ̀tí náà. Herefordshire ti ń bá a yí lórí odò Lugg láti 2019, agbègbè àbàtà Somerset Levels láti 2020. Àṣẹ Class Q pàápàá kò yọni nínú èyí. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí káńsù yóò fi fọwọ́ sí i. Ó dùn mí pé àgbẹ̀ tó fẹ́ dín màlúù kù láti ṣe yàrá ìsinmi méjì ni wọ́n dá dúró, nígbà tí ìgbẹ́ ẹran tó kó kúrò ju ohun tí àlejò mẹ́rin máa dà sómi lọ. Ìṣirò lè fi èyí hàn, àmọ́ ó nílò onímọ̀ tó máa kọ ọ́ sílẹ̀ àti àdéhùn pé ilẹ̀ náà kò ní padà sí ìlò àtijọ́. Ní ti tánkì, ẹ kò nílò ìwé àṣẹ Environment Agency, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àyíká, tí omi tó ń jáde lójúmọ́ kò bá ju lítà 2,000 lọ sínú ilẹ̀, tàbí 5,000 sínú odò, tí ẹ bá ti tẹ̀ lé gbogbo ìlànà wọn.

Ohun tó kọjá gbogbo àṣẹ wọ̀nyí, bíi gbọ̀ngán ìgbéyàwó tàbí ilé tuntun, gbogbo ìwé ẹ̀bẹ̀ ni ẹ máa kọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni òfin sì fún káńsù bí kò bá jẹ́ iṣẹ́ ńlá. Ètò ilẹ̀ tí káńsù náà ṣe fún agbègbè rẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ ṣí. Ìdí tí wọ́n fẹ́ràn láti fi kọ̀ ni pé kò sí bọ́ọ̀sì, pé mọ́tò nìkan ló lè gbé oníbàárà débẹ̀. Ìdí yìí kò tọ́ sí oko. Ilé ìtajà lè kó lọ sí ìlú, ilẹ̀ oko kò lè ṣí nípò. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ tó jáde ní oṣù Kejìlá 2024 sọ ọ́ ní ìpínrọ̀ 88 pé kí wọ́n ti àgbẹ̀ tó fẹ́ fẹ òwò rẹ̀ lójú lẹ́yìn, ó sì gbà ní 89 pé irú ibẹ̀ lè wà níbi tí ọkọ̀ èrò kò dé. Ẹ kọ ìpínrọ̀ méjèèjì sínú ìwé yín, kí ẹ fi ìṣirò owó oko ti ọdún mẹ́ta tì í, kí wọ́n rí i pé òwò tuntun ló máa gbé oko dúró.

Ayálẹ̀ tó ń dáko lórí ilẹ̀ ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ ka àdéhùn rẹ̀ kó tó ka òfin kankan. Àṣẹ káńsù kò borí onílẹ̀ tó kọ ọ́ sínú ìwé pé iṣẹ́ àgbẹ̀ nìkan ni. Kí ẹnikẹ́ni má sì tan ara rẹ̀ pé òun á ṣe é ní kọ̀rọ̀ títí ọdún mẹ́rin á fi kọjá: láti ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin 2024, ọdún mẹ́wàá ni káńsù ní láti fi dá iṣẹ́ aláìgbàṣẹ dúró.

Ọ̀nà kan wà tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa tí àwọn àgbẹ̀ kì í lò tó. Ní 2017, nínú ẹjọ́ kan tó kan káńsù Tonbridge and Malling ní Kent, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn gbà pé ohun tí àgbẹ̀ ti ní ẹ̀tọ́ láti ṣe lábẹ́ Class Q jẹ́ ohun tí káńsù gbọ́dọ̀ fi sínú ìdájọ́ nígbà tí àgbẹ̀ náà bá mú ètò tó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ wá. Ẹ̀kọ́ kan náà kan Class R. Ẹ kọ́kọ́ gba ìfọwọ́sí Class R, kí ẹ sì wá fi lé tábìlì pẹ̀lú ìwé ẹ̀bẹ̀ gíláàsì, tánkì àti ibi ìgbọ́kọ̀sí. Káńsù kò lè sọ mọ́ pé ilé kọfí kò yẹ níbẹ̀. Bí ilé kọfí náà á ṣe rí ló kù.

Síbẹ̀, ìwé méjì, owó méjì àti àìmọye oṣù lèyí jẹ́ fún abà kan ṣoṣo, àgbẹ̀ kékeré sì ni ẹrù náà ń wọ̀ lọ́rùn jù, torí iye kan náà ni onímọ̀ ọ̀nà àti onímọ̀ àdán ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ṣe tábìlì mẹ́fà àti ẹni tó fẹ́ ṣe ọgọ́ta. Bí ìjọba bá lè fi fèrèsé, ilẹ̀kùn àti páìpù omi sínú àṣẹ ẹni tó fẹ́ sọ abà di ilé gbígbé, kí wọ́n fi sínú ti ẹni tó fẹ́ sọ ọ́ di ibi iṣẹ́ náà.